Bí Èmi àti Bàbá Mi Ṣe Tún Bá Àwọn Ọ̀gá Márùn-ún Jà

Mo rántí ìgbà tí gbogbo ilé wa ní Ìkirè ń rùn bíi róòbù. Òórùn náà wọ kọ́tìnì, ó wọ ìrọ̀rí, ó wọ inú irun mi, débi pé bí mo bá dúró lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta dòdò lẹ́bàá títì, tí epo ń hó, tí ata ń ta sánsán, imú mi kò gbọ́ nǹkan mìíràn ju ìpara tí mo fi ń ra apá bàbá mi láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà, mo sì rò pé mo gbọ́n. Mo ti pinnu lọ́kàn ara mi pé oṣù méjì péré ni n óò lò nílé, pé nígbà tí oṣù méjì bá fi máa pé, bàbá á ti máa rìn, èmi náà á sì padà sí Ìbàdàn, sídìí iṣẹ́ tíṣà tí mo gba àyè kúrò níbẹ̀. Mo tilẹ̀ lọ aṣọ iṣẹ́ mẹ́ta kalẹ̀ kí n tó kúrò, mo fi wọ́n kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, kí n lè rí wọn wọ̀ lọ́jọ́ tí mo bá dé. Nínú oṣù karùn-ún ni mo rántí àwọn aṣọ náà, mo sì dá rẹ́rìn-ín ara mi nídìí ààrò.

Bàbá mi ti ṣe ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún púpọ̀ kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Àwọn náà ni wọ́n máa ń ka Bíbélì nínú ìsìn ọjọ́ Àìkú, nítorí pé ohùn wọn kò nílò ẹ̀rọ kankan kó tó dé ẹ̀yìn ìjọ. Àwọn tó kàwé lábẹ́ wọn máa ń sọ pé bí bàbá bá ní kí àwọn ọmọ dákẹ́ lórí ìlà láàárọ̀, ewúrẹ́ tó ń kọjá lẹ́yìn kíláàsì pàápàá á dúró. Ìyá mi ti kú tipẹ́. Bàbá ló kù fún èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó ń gbé ní Èkó pẹ̀lú ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, bàbá fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn wọ balùwẹ̀, àwọn aládùúgbò ló gbé wọn jáde. Àrùn rọpárọsẹ̀ ni. Ó mú apá ọ̀tún, ó mú ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó sì fa ẹnu wọn sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ̀gbọ́n mi sọ lórí fóònù pé èmi tí n kò tíì lọ́kọ ni yóò rọrùn fún láti wálé. Mo ní kò sí wàhálà. Ohun tí mo máa ń sọ sí gbogbo nǹkan nígbà náà nìyẹn. Àwọn ará ìjọ ń pè mí ní ọmọ dáadáa, mo sì ń jẹ orúkọ náà bí ẹni ń jẹ oúnjẹ.

Apá àti ẹsẹ̀ kọ́ ló le jù. Lọ́jọ́ tí a gbé bàbá ti ilé ìwòsàn dé, àwọn àgbà ìjọ wá kí wọn. Bàbá gbìyànjú láti dúpẹ́, ṣùgbọ́n ohun tó jáde dà bíi ti ẹni tó ki iṣu gbígbóná sẹ́nu. Obìnrin kan fi etí ìró nu ojú. Bàbá rí i. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti pa ẹnu dé, tí wọ́n sì kọjú sí ògiri. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ wọ́n, wọ́n á fi ọwọ́ òsì lu etí bẹ́ẹ̀dì lẹ́ẹ̀kan; bí wọ́n bá fẹ́ tọ̀, wọ́n á lù ú lẹ́ẹ̀mejì. Nọ́ọ̀sì kan tó ń ti Àpòmù wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ láti na apá àti ẹsẹ̀ bàbá, ìyá tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí kì í sì í yí ọ̀rọ̀ po, sọ fún mi ní ẹnu ọ̀nà pé kò sí ohun tó di bàbá lọ́nà ọ̀fun mọ́. Wọ́n ní ìtìjú ni. Wọ́n ní bàbá kò fẹ́ gbọ́ ohùn ara wọn, bẹ́ẹ̀ ohùn tí a kò bá lò, bó pẹ́ bó yá, á gbàgbé ọ̀nà ilé.

Kò pẹ́ tí àlejò fi dínkù. Àwọn àgbà ní ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́. Àńjọ̀fẹ́ kú, a ò rẹ́nìkan. N kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, nítorí kò rọrùn láti jókòó ti ẹni tó kọ ẹ̀yìn síni. Èmi ni mo ń jókòó. Mo ń fọ aṣọ, mo ń lọ ata, mo ń yí bàbá sí ọ̀tún, mo ń yí wọn sí òsì kí ara wọn má baà dégbò, mo sì ń bá ẹ̀yìn wọn sọ̀rọ̀ títí ọ̀rọ̀ fi tán lẹ́nu tèmi náà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ń wá káàdì ilé ìwòsàn nínú pótímáńtò bàbá. Lábẹ́ àwọn ìwé ẹ̀rí wọn, mo rí nǹkan kan tí wọ́n fi áńkáṣíìfù wé. Mo tú u. Ẹ̀rọ géèmù pupa ni, irú èyí tí a máa ń fi ọwọ́ méjèèjì mú. Mo dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ti ẹ̀gbọ́n mi ni. Nígbà tó wà ní ilé-ìwé girama, ó fi odindi ọlidé gígùn kan tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, àfi ìgbà tó bá ń jẹun. Lọ́jọ́ tó borí níkẹyìn, ó pariwo ayọ̀, ariwo náà jí bàbá lójú oorun ọ̀sán, bàbá sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n sọ fún wa pé àwọn ti jù ú sí ṣáláńgá. Ẹ̀gbọ́n mi kò jẹun alẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Àṣé inú áńkáṣíìfù ló wà láti ọdún wọ̀nyẹn. Nígbà tí mo gbé ojú sókè, bàbá ti yí orí padà kúrò lára ògiri, wọ́n ń wo ohun tó wà lọ́wọ́ mi. Wọ́n wò ó díẹ̀, wọ́n sì tún yí padà. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi láti sọ fún un. Ó wá ní, "Wọn ò jù ú nù?" Lẹ́yìn náà ló béèrè bí apá bàbá ṣe ń ṣe.

Bátìrì ẹ̀rọ náà ti wú bí àkàrà. Mo gun ọ̀kadà lọ sí Àpòmù, sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe nítòsí gáréèjì, ẹni tí ewú ti ń yọ nínú irùngbọ̀n rẹ̀. Nígbà tó rí ohun tí mo gbé wá, ó gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní irú rẹ̀ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kí ọ̀gá òun lé òun nígbà tí òun ń kọ́ṣẹ́. Ó wá bátìrì mìíràn tó bá a mu, ó tan án. Gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n mi fi sílẹ̀ wà níbẹ̀, bí ẹni pé àná ló dìde nídìí rẹ̀.

Kí ẹni tí kò mọ irú géèmù bẹ́ẹ̀ lè bá mi lọ, báyìí ló rí. Ẹni tó ń gbá a á kó àwọn ẹ̀dá abàmì jọ láti inú igbó àti odò, á kọ́ wọn ní ìjà, á sì yan mẹ́fà nínú wọn tí yóò máa mú kiri. Bí ìjà bá dé, ẹ̀dá kan ló ń jáde sí ẹ̀dá kan. Tìrẹ á ṣe tirẹ̀, tọ̀tá á ṣe tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọn á máa gbà á fún ara wọn títí okun ọ̀kan á fi tán. Lórí òkè kan, ní òpin ìrìn àjò, ni Àwọn Ọ̀gá Márùn-ún wà. Èèyàn gbọ́dọ̀ borí wọn lẹ́sẹẹsẹ láìsọ̀ kalẹ̀. Bí ẹyọ kan nínú wọn bá lù ọ́, ọ̀dọ̀ ẹni àkọ́kọ́ lo tún ti máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti borí wọn lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n bí o bá ti borí wọn, wọ́n á lọ kọ́ ìjà sí i, bí o bá sì tún gòkè, wọ́n á ti le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àtúnjà yìí ni bàbá kò jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi jà. Mo ní èmi á jà á.

N kò lè sọ ìdí tí mo fi gbé e lérí bí ẹni gba iṣẹ́ ìjọba. Lọ́sàn-án, tí bàbá bá ti jẹun, tí mo bá ti ra wọ́n lápá, tí oòrùn ti pa gbogbo àdúgbò lẹ́nu mọ́, mo máa ń jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn, kí n tan ẹ̀rọ náà. Nínú ẹ̀dá mẹ́fà tí ẹ̀gbọ́n mi fi sílẹ̀, akọ màlúù kan wà tó ń tu iná lẹ́nu, òun ló lágbára jù. Òun ni mo ń tì síwájú fún ọ̀gá wo yòówù. Yóò tu iná, yóò tu iná, okun rẹ̀ á tán lọ́dọ̀ ọ̀gá kejì, n óò da gbogbo oògùn inú géèmù tó ń dá okun padà lé e lórí, ọ̀gá kẹta á sì gbá wa dànù. N óò tún bẹ̀rẹ̀. Ìbínú ni mo fi ń jà. Mo ń bínú sí ẹ̀gbọ́n mi, mo ń bínú sí ògiri tí bàbá kọjú sí, mo sì ń da gbogbo rẹ̀ lé àwọn tí kò ṣẹ̀ mí lórí. Òkò tí a bá fìbínú sọ kì í pa ẹyẹ. Mo ti kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ ní òwe yẹn nínú kíláàsì, mo ti fún wọn ní máàkì lórí ìtumọ̀ rẹ̀.

Ọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe ló la ojú mi. Mo padà lọ bá a ní Àpòmù, mo ní bóyá ẹ̀rọ náà kò dára. Ó béèrè bí mo ṣe ń jà, mo sọ fún un, ó mi orí.

"Ìjà àkọ́kọ́ lẹ ṣì ń jà," ó ní. "Àtúnjà yàtọ̀. Àwọn tí ẹ̀gbọ́n yín lù nígbà náà kọ́ ló jókòó síbẹ̀ mọ́. Àgbò tó fẹ̀yìn rìn, agbára ló lọ mú wá. Ẹ ní láti mọ ohun tí wọ́n lọ mú wá."

Ó ní kí n ra ìwé kan, kí n kọ ẹ̀dá tí ọ̀gá kọ̀ọ̀kan ń kọ́kọ́ gbé jáde, èyí tó tẹ̀ lé e, àti ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń bẹ̀rù, nítorí wọn kì í yí ìtò wọn padà. Ó ní kí n má fi ọwọ́ kan oògùn rárá lọ́dọ̀ àwọn méjì àkọ́kọ́, pé àwọn ẹ̀dá kéékèèké ni kí n fi bá àwọn yẹn wọ̀yá ìjà, kí akọ màlúù sinmi di ẹ̀yìn. Ó ní ẹni tó bá fi alágbára rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn, kí ni yóò fi ti ilẹ̀kùn? Mo ra ìwé, mo fi rúlà fa ìlà sí i bí ìwé tíṣà, mo kọ gbogbo rẹ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti ń lọ sí Àpòmù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti lọ béèrè èyí tí kò yé mi. Mo máa ń sọ fún bàbá pé oògùn ni mo fẹ́ lọ rà, àfi bí ẹni pé kò sí ẹni tó ń ta oògùn ní Ìkirè. Aládùúgbò kan máa ń bá mi jókòó tì wọ́n títí n óò fi dé, tàbí kí n lọ nígbà tí nọ́ọ̀sì bá wà lọ́dọ̀ wọn.

Ìwé yẹn gbé mi dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá kẹrin. Ìyá arúgbó kan ni, ó wọ aṣọ funfun, ó máa ń rẹ́rìn-ín. Ejò kan ló ń gbé jáde kẹ́yìn, bí ejò náà bá sì ti tu itọ́ sára ẹ̀dá mi lẹ́ẹ̀kan, ó parí fún un. Mo fi akọ màlúù sí i, ó kú. Mo fi ẹyẹ sí i, ó kú. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń gòkè dé ọ̀dọ̀ ìyá náà, tó ń fi ẹ̀rín lé mi sọ̀ kalẹ̀. Ó rẹ̀ mí débi pé bí ọwọ́ mi ṣe ń tẹ bọ́tìnnì, ojú mi ti ń pàdé. N kò tilẹ̀ mọ ọjọ́ tí bàbá yí padà kúrò lára ògiri. Mo kàn mọ̀ pé nígbà kan, èémí ẹnì kan ń fẹ́ sí mi léjìká.

Mo fẹ́ tẹ bọ́tìnnì kí akọ màlúù kọlu ejò náà ni mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn mi.

"Dú… ró."

Mo rò pé wọ́n fẹ́ tọ̀ ni. Mo ju ẹ̀rọ sílẹ̀, mo sáré gbé póò. Bàbá mi orí. Wọ́n na ìka ọwọ́ òsì sí ẹ̀rọ náà, iṣan ọrùn wọn le, omi ń yọ ní etí ẹnu wọn. "Dúró," wọ́n tún wí. Ó mọ́ díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Oṣù karùn-ún rèé tí n kò ti gbọ́ ohùn bàbá mi. Mo fi póò sílẹ̀, mo jókòó, mo dúró gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe wí, mo sì wá rí ohun tí wọ́n ti rí tipẹ́. Lẹ́yìn tí ejò náà bá ti tu itọ́, kì í lè ṣe ohunkóhun nígbà tó bá tún kàn án. Ó ní láti mí. Gbogbo agbára rẹ̀ wà nínú itọ́ kan ṣoṣo, gbogbo ìtìjú rẹ̀ sì wà nínú ìsinmi tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá lè yè bọ́ nínú itọ́ náà á rí i lù bó ṣe wù ú. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹni tó ti fi ọgbọ̀n ọdún wo ojú àwọn ọmọ láti mọ èyí tó fẹ́ dá ìjà sílẹ̀, kò sí ejò tí kò ní mọ̀.

Bàbá fi ìka júwe pé kí n ṣí ìwé mi. Ahun kan wà lára àwọn ẹ̀dá ẹ̀gbọ́n mi, tí ìjà rẹ̀ kò dun ẹnikẹ́ni, tó jẹ́ pé ohun kan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa ni kó kó ara rẹ̀ wọ inú igbá ẹ̀yìn rẹ̀. Mo ti kọ "kò wúlò" sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀. Bàbá wo ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì wò mí, bí wọ́n ṣe máa ń wo tíṣà tó bá kọ irú rẹ̀ sínú ìwé ọmọ. Wọ́n gba bírò pẹ̀lú ọwọ́ òsì, ọwọ́ tí kò kọ nǹkan rí láyé, wọ́n sì pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́. Ìlà náà wọ́ bí ipa ìgbín. Ahun náà la rán jáde. Ejò tu itọ́, ahun wọ igbá rẹ̀. Ejò ń sinmi, ahun yọ orí, ó gé e jẹ díẹ̀. Ìgbà mẹ́sàn-án la ṣe bẹ́ẹ̀, bàbá ń sọ "dúró" ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ejò náà tó ṣubú. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ìyá aláṣọ funfun kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn, ọ̀gá karùn-ún ló lé wa sọ̀ kalẹ̀.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì dé, tí mo ròyìn fún wọn, wọn kò bá mi jó. Wọ́n ní láti ọjọ́ náà, n kò gbọ́dọ̀ fi ìka kan bọ́tìnnì kankan láìjẹ́ pé bàbá fi ẹnu pàṣẹ. Bẹ́ẹ̀ ló di iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta la fi bẹ̀rẹ̀: dúró, lù ú, sinmi. Bí ọ̀rọ̀ náà kò bá mọ́, mo máa ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, ẹ̀dá wa á máa jẹ ìyà, bàbá á bínú, wọ́n á sì tún un sọ kó mọ́. Inú bíbí náà ṣiṣẹ́ ju gbogbo ìdárayá lọ. Nígbà tó yá, wọ́n ń sọ orúkọ mi. Wọ́n ń béèrè omi. Wọ́n sọ fún nọ́ọ̀sì pé ọwọ́ tí nọ́ọ̀sì fi ń na àwọn lápá tutù, nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, èmi lọ sẹ́yìn ilé lọ nu ojú.

Ní àkókò náà ni ọ̀gá ilé-ìwé mi ní Ìbàdàn pè mí. Mo jáde lọ gbà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, lábẹ́ fèrèsé yàrá bàbá. Wọ́n bá mi sọ̀rọ̀ pẹ̀lú sùúrù, wọ́n ní àwọn ti fi àyè mi sílẹ̀ tó, pé bí n kò bá wọlé nígbà tí táàmù tuntun bá bẹ̀rẹ̀, àwọn á ní láti mú ẹlòmíràn. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní ó yẹ kí n mọ̀ pé òun kò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀, pé iṣẹ́ tíṣà kò ní tán láyé, pé Ọlọ́run á san án fún mi. Mo ní kò sí wàhálà. Mo wọlé, mo gbé ẹ̀rọ, mo ní ó yá, Bàbá, ẹ jẹ́ ká lọ. N kò sọ ohunkóhun fún wọn.

Ọ̀gá karùn-ún le ju àwọn mẹ́rin tó kù lọ. Ẹyẹ kan ló gbẹ́kẹ̀ lé, ẹyẹ tó jẹ́ pé bí okun rẹ̀ bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, á pa ìyẹ́ dé, á wo ara rẹ̀ sàn, á sì tún dìde bí ẹni tí a kò fọwọ́ kàn rí. Ọkùnrin Àpòmù ti sọ fún mi pé ìgbà mẹ́ta péré ló lè wo ara rẹ̀ sàn. Àwọn tó ń fi gbogbo agbára lù ú ní ìgbà àkọ́kọ́ kì í ní nǹkan kan lọ́wọ́ mọ́ nígbà kẹrin. Bàbá fi ọ̀sẹ̀ kan rò ó. Ó di ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ń lu páànù, tí a ní láti fi orí kan orí kí n tó lè gbọ́ wọn. A borí àwọn mẹ́rin pẹ̀lú oògùn méjì péré. Lọ́dọ̀ ẹni karùn-ún, àwọn kéékèèké wa ló ń gé ẹyẹ náà jẹ wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́. Ó wo ara rẹ̀ sàn lẹ́ẹ̀kan. Ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹyẹ tiwa kú, ahun kú, ó ku akọ màlúù nìkan, okun rẹ̀ pé, nítorí a kò tíì lò ó láti ìgbà tí a ti gòkè. Ìka mi ti wà lórí bọ́tìnnì.

"Dúró," bàbá wí. Ẹyẹ náà wo ara rẹ̀ sàn lẹ́ẹ̀kẹta. Bàbá gbé ọwọ́ òsì sókè, wọ́n dá a dúró lófurufú bí ìgbà tí wọ́n fẹ́ lu agogo ilé-ìwé. "Ó yá. Lù ú."

Akọ màlúù náà tu iná lẹ́ẹ̀mẹta, ìjà parí.

N kò pariwo bíi ti ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀rọ̀ jáde lójú ẹ̀rọ náà pé àwọn ọ̀gá ń lọ kọ́ ìjà sí i, pé wọ́n á máa retí wa, ṣé a fẹ́ tún gòkè lọ, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo yí ojú sí bàbá láti gba àṣẹ.

"Wọn ò… ní tán," wọ́n ní. Wọ́n mí. "Ó rẹ̀ mí. Ó rẹ ìwọ náà."

Mo ní, "Bàbá, kò rẹ̀ mí."

Wọ́n wò mí bí wọ́n ṣe ń wo ọmọ tó bá sọ pé òun ti ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. "Mo gbọ́… fóònù. Padà… sẹ́nu iṣẹ́ rẹ."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í to ìdí tí kò fi ṣeé ṣe. Ta ni yóò ra wọ́n lápá, ta ni yóò se oúnjẹ, ta ni yóò yí wọn? Bàbá jẹ́ kí n tò ó tán. Wọ́n wá sọ ọ́ fún mi díẹ̀díẹ̀, ọ̀rọ̀ kan, ìsinmi kan, pé àbúrò nọ́ọ̀sì kan wà ní Àpòmù, obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ti kú, tó ń wá ibi tí yóò máa gbé. Àwọn àti nọ́ọ̀sì ti parí rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni obìnrin náà ń kó dé. Mo béèrè ìgbà tí wọ́n sọ gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Bàbá ní ìgbà tí mo bá lọ sí Àpòmù ni, lọ ra oògùn. Ẹ̀gbẹ́ ẹnu wọn tó ṣì lè rìn gbéra díẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Mo ti rò pé èmi ni mo ń fi géèmù kọ́ bàbá ní ọ̀rọ̀ sísọ. Bí mo ṣe ń kó ọgbọ́n ìjà kiri lórí ọ̀kadà, ọ̀rọ̀ tí wọ́n rí gbà padà ni wọ́n fi ń wá ọ̀nà tí n óò fi lọ.

Mo padà sí Ìbàdàn nígbà tí táàmù bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ Sátidé kejì-kejì, mo máa ń wọ mọ́tò gba Aṣẹ́jírẹ́ wá sí Ìkirè. Bàbá fi ọ̀pá rìn dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọn kò rìn dé ìjọ mọ́ láéláé. Wọ́n ń bá opó náà ṣàwàdà. Wọ́n lo ọdún méjì àti oṣù díẹ̀ sí i kí àrùn náà tó padà wá, ó sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọjọ́rú ni. Opó náà sọ fún mi pé láàárọ̀ ọjọ́ náà, bí ara wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yí, bàbá béèrè ọjọ́ tí òní jẹ́. Nígbà tó sọ fún wọn, wọ́n ní èmi á ti wà nínú kíláàsì, kí ẹnikẹ́ni má dà mí láàmú. Òun kò gbọ́, ó pè mí, ṣùgbọ́n kí n tó débẹ̀, ẹ̀mí ti bọ́ lára bàbá.

Àwọn èèyàn ṣì máa ń sọ pé mo ṣe ọmọ. N kì í jà wọ́n níyàn, ṣùgbọ́n èmi nìkan ni mo mọ bí ìdùnnú ṣe gbé mi lọ́kàn lọ́jọ́ tí mo di ẹrù mi, àti bí ìdùnnú náà ṣe dùn mí. N kò tíì mọ̀ títí di òní bóyá mo lọ nítorí pé bàbá rán mi ni, tàbí pé mo ti lọ lọ́kàn tipẹ́, tí mo kàn ń retí ẹni tí yóò ṣílẹ̀kùn. Ní báyìí, bí mo bá rí ọmọbìnrin tó ń tọ́jú ìyá tàbí bàbá rẹ̀, tí àwọn àgbà ń gbàdúrà fún un pé kò ní rẹ̀ ẹ́, mo máa ń dúró kí wọ́n lọ tán, kí n tó bi í bóyá ó ti rẹ̀ ẹ́. Gbogbo wọn ló máa ń sọ pé rárá. N kì í tẹnu mọ́ ọn. Ó rẹ̀ mí nígbà náà, ó rẹ̀ mí dé egungun, n kò sì rí ẹnu sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi, tàbí fún nọ́ọ̀sì, tàbí fún Ọlọ́run nínú àdúrà. Bàbá mi, tí wọn kò lè so ọ̀rọ̀ márùn-ún pọ̀ láìsinmi, ni wọ́n bá mi sọ ọ́.